Agbada Tí Salome Lù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ẹnu ń gún ju abẹ́rẹ́ lọ, kó lọ jókòó ti Àbíkẹ́, ìyá Olúkẹ́mi, nídìí dòdò ní Ìkirè. Ojú títì àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ni obìnrin mẹ́fà ń dáná sí, níbi tí àwọn ọkọ̀ èrò ti ń dúró. Wọ́n á gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n mọ́ ata, wọ́n á sì dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú minimini. Ìsọ̀ kẹta ni ti Àbíkẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń dá gbogbo ayé lẹ́jọ́. Awakọ̀ tó bá kọjá tí kò dúró, ọmọ ahun ni. Èrò tó bá ní ata ti pọ̀ jù, kó lọ máa mu ọmú ìyá rẹ̀.

Kò lọ sílé ìwé. Inú Bíbélì ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní a, b, d lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Kò sí òwúrọ̀ kan tó dáná láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀ sórí eérú àná, kó sì fi orúkọ méje pe Olúwa. Àdúrà rẹ̀ gùn. Ahọ́n rẹ̀ gùn ju àdúrà lọ.

Ohun tó fi ń yangàn jù ni òfin agbada. Àwọn wolé-wolé ni ọ̀tá àwọn oníṣòwò yìí. Bí wọ́n bá bá eṣinṣin lórí dòdò, wọ́n á dà á sí kòtò. Bí wọ́n bá rí ọmọ ọwọ́ lẹ́bàá iná, wọ́n á kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún kóòtù. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á nà gbalaja sílẹ̀, á máa sunkún, á máa bẹ̀bẹ̀, wọ́n á sì ti orí tirẹ̀ bọ́ sórí ti èkejì, títí wọ́n á fi da ti gbogbo wọn nù. Àbíkẹ́ ló fòpin sí i.

“Ẹni tí ọwọ́ bá ti tẹ̀, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ ná,” ló sọ fún wọn. “Kí ló ń sunkún sí? Kó fi síbí irin lu agbada rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.”

Láti ọjọ́ náà, bí agbada kan bá ti dún lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn yòókù á fi àwọ̀n bo ọjà, wọ́n á gbálẹ̀, ẹni tó gbé ọmọ ọwọ́ dání á sì sáré sọdá sí òdìkejì títì. Dòdò ẹnì kan á ṣòfò, ti ẹni márùn-ún á yè. Ìsọ̀ àkọ́kọ́, tí wolé-wolé ń kọ́kọ́ dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Salome, ìyá Moses, ìyàwó Akínṣọlá oníwàásù, ni wọ́n fún, nítorí òun ló dé kẹ́yìn.

Ìparí ọdún 1994 ni ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀, Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ àbúrò Àbíkẹ́ ọkùnrin tó ń gbé Àpòmù, sì ti Ifẹ̀ padà wálé láìní iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni ọmọ náà ń kọ́. Àbíkẹ́ ní kó wá máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣeé fojú rí.

“Màmá Ìkirè,” Ọmọ́ṣaléwá wí lọ́jọ́ kan, “ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí wọ́n ń kọ́ wa lọ́wọ́ kí wọ́n tó daṣẹ́ sílẹ̀.”

“Sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ni kó o fi sọ ọ́, má fi ọwọ́ sọ ọ́. Máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ.”

Ọmọ́ṣaléwá ní ara ènìyàn dà bí ìlú ńlá. Ilé wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì bá ti já wọ ọ̀kan, ilé yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ onílé. Kòkòrò náà á sọ ọ́ di ibi tó ti ń bímọ.

“Ṣùgbọ́n kí ilé yẹn tó wó, Màmá, á sọ nǹkan kan síta. Intafẹ́rọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ kì í pa kòkòrò, iṣẹ́ ló ń jẹ́. Á lọ bá àwọn ilé tó wà nítòsí. Etí kan wà lára ilẹ̀kùn wọn tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Bí etí yẹn bá ti gbọ́, àwọn ìránṣẹ́ inú ilé á gba ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan á sọ fún èkejì, títí á fi dé yàrá tí ìwé ilé wà. Wọ́n á ṣí ìwé náà sí ojú ewé ogun. Ilé yẹn á kó ohun ìjà jáde, á ti iṣẹ́ pa, á dín oúnjẹ kù, kí kòkòrò tó ń bọ̀ má baà rí ohun tí yóò fi bímọ. Àìpẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àwọn ìránṣẹ́ inú ilé yẹn.”

“Ilé tó kígbe yẹn ńkọ́? Ṣé ó yè?”

“Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í yè. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń yè.”

“Bí etí ara ilẹ̀kùn bá wá di ńkọ́?”

“Wọn ì báà kígbe títí ọ̀run á fi ya, Màmá, ilé yẹn á kàn jókòó ni. Ibẹ̀ ni kòkòrò á bá a.”

“Ilé òmùgọ̀ nìyẹn.” Àbíkẹ́ yí dòdò inú epo padà, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ará ìsọ̀ kejì yíjú sí i. “Ọdún mélòó lo ti lò ní Ifẹ̀?”

“Ọdún kẹta rèé.”

“Ọdún mẹ́ta. Bàbá rẹ ta kòkó, ó ta ilẹ̀, kó o lè lọ kọ́ ohun tí mo fi agbada kan ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ bá mi wí fún àwọn òyìnbó yín kí wọ́n wá kí mi.”

Ọmọ́ṣaléwá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn. Ẹni tó bá fi ẹnu bá Àbíkẹ́ jà, ojú rẹ̀ ni yóò fi sunkún.

Ẹ bi Títí wò. Títí ló ni ìsọ̀ karùn-ún nígbà kan rí. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, èèyi mú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Títí kò fi pamọ́. Ó dìde láàárín ìsọ̀ lówùúrọ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, èèyi wà nílé mi o, kí ẹni tó lọ́mọ kékeré má mú un sún mọ́ mi.” Orúkọ tí àwọn àgbà kì í pè gbangba, tí wọ́n á ní ilẹ̀ gbóná, òun pè é fàà bí ẹni pe orúkọ ewúrẹ́ rẹ̀. Àbíkẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lú orin. Ó ní, “Dòdò eléèyi rèé o, ẹ rà á kí ẹ fi họra yàà.” Àwọn awakọ̀ gbọ́ ọ, wọ́n gbé orin náà dé Ifẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó ra dòdò Títí mọ́. Ìyá Eléèyi ni wọ́n ń pè é títí ó fi kó agbada rẹ̀ lọ sí Àpòmù. Ọmọ rẹ̀ yè. Ọjà rẹ̀ kú.

Salome wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ orin náà. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, Olúkẹ́mi ti Gbọ̀ngán, níbi tí wọ́n ti gbé e níyàwó, wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó pọn Olúgbémi wá, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Olúkẹ́mi ti bí méjì rí, ilẹ̀ ti gba méjèèjì. Ẹ̀kẹta yìí ni gbogbo ilé ń mí lé lórí. Àràárọ̀ ni Àbíkẹ́ ń fi oríkì rẹ̀ kí i: “Àjàní, omi tútù tó pa iná ẹkún. Ọmọ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó fi ẹsẹ̀ kékeré tẹ ikú mọ́lẹ̀. Sùn re, jí re, bàbá mi.” Abẹ́rẹ́ èèyi rẹ̀ ku oṣù kan, nítorí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń gbà á. Àbíkẹ́ ti fi èédú sàmì ọjọ́ náà sára ògiri.

Yàrá páànù kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ Salome tí gbogbo wọn ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí; Salome ló ń gbé e jáde fún wọn láàárọ̀. Ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ náà ni ọmọ ọwọ́ ti máa ń sùn bí oòrùn bá mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí Olúkẹ́mi dé, ó gbé ọmọ lọ síbẹ̀ kó lè tẹ́ ẹ sí orí ẹní. Kò tíì rìn dé ìsọ̀ kejì tí agbada Salome fi dún. Kán, kán, kán. Àwọ̀n bo dòdò, ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, Olúkẹ́mi gbé ọmọ sọdá títì. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Wolé-wolé kò wá.

“Àwọn dà, Ìyá Moses?” Àbíkẹ́ bi í.

“Mo rò pé mo rí wọn ni, Màmá.”

“O rò pé o rí wọn. Moses náà dà? Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i.”

“Ó lọ sí Orílẹ̀-Òwu, lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, bí Olúkẹ́mi ti tún dìde pẹ̀lú ọmọ, agbada dún. Wọ́n tún sáré, wọ́n tún dúró. Ọkọ̀ agbépo kan ló kọjá. Lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ náà, nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, kán, kán, kán. Dòdò Àbíkẹ́ jó mọ́ inú epo níbi tó ti ń sáré wá àwọ̀n.

“Ẹ wá wo ìyàwó oníwàásù,” ló wí, ó sì rí i dájú pé àwọn tó wà ní garáàjì gbọ́. “Ọkọ rẹ̀ ń rí ìran nílé, òun ń rí wolé-wolé lóko. Ìdílé aríran. Salome, ṣé ààwẹ̀ ló ń pa ọ́ ni àbí àìsùn?”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Salome tẹjú mọ́ inú epo rẹ̀.

Ọmọ́ṣaléwá tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò rẹ́rìn-ín. “Màmá Ìkirè,” ó rọra wí, “ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lù ú báyìí. Ìgbà tí ọmọ bá ń lọ sí yàrá páànù nìkan ló ń lù ú.”

“Kí ló kan ọmọ mi kan agbada rẹ̀? Bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.”

Ọjọ́ kẹta ni ojú là. Àbíkẹ́ dìde kí oòrùn tó mú, ó sì kéde bí ẹni tó joyè ní àná. Ó ní òun ló ṣe òfin agbada, òun náà ló ń yọ Salome kúrò nínú rẹ̀. Bí Salome bá lu agbada lónìí títí ọwọ́ rẹ̀ fi já, kí ẹnikẹ́ni má dìde. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Olúkẹ́mi, gbé ọmọ rẹ lọ sínú yàrá kó lọ sùn. Èyí tó bá lù ú, kó máa lù ú.”

Olúkẹ́mi gbé ọmọ. Agbada dún, kò sẹ́ni tó dìde. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin kan pòṣé. Salome wá ń lù ú láìkà á mọ́, epo gbígbóná ń ta sí i lápá, kò gbọ́wọ́ kúrò. Àwọn obìnrin ń fi ìlù náà ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ mi ìdí sí i. Olúkẹ́mi ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn páànù nígbà tí Salome ju síbí nù, tó sì lọ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà.

“Má wọlé,” ó wí. “Moses wà níbẹ̀. Èèyi ni. Èèyi ló mú un, ọjọ́ kẹta rèé tó ti sú jáde lára rẹ̀.”

Olúkẹ́mi fa ọmọ mọ́ra, ó fò sẹ́yìn.

Salome kò dákẹ́ mọ́. Ó ní ọkọ òun ló ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn ti buwọ́ lu ìwé rẹ̀; pé kí òun máa sọ pé ara ọmọ le. Ọkọ náà ti lọ wàásù ní Ìkirè-Ilé, kò sẹ́ni tó lè bá òun dúró ti ọmọ nílé, lòun fi gbé e pamọ́ sí ibi tí òun ti lè máa gbọ́ ikọ́ rẹ̀. “N kò lè sọ ọ́ fún yín, Màmá. Mo gbọ́ orin tẹ́ ẹ kọ fún Títí. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe. Ọmọ ọwọ́ ń sọdá títì bí mo bá lù ú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.”

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún lẹ́ẹ̀mẹrin ńkọ́, tó ní ẹ̀rín ni? Àbíkẹ́ wo ọwọ́ Salome tó ti ń lé ròrò. Ọ̀rọ̀ kan ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀: ilé òmùgọ̀.

Ọmọ́ṣaléwá ló kọ́kọ́ dìde. “Èmi àti Ìyá Moses á gbé Moses lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin ẹ gbé Olúgbémi lọ gba abẹ́rẹ́ lónìí olónìí, Màmá. Bí kòkòrò náà bá ti kàn án, tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, abẹ́rẹ́ lè bá a nídìí. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ Ìkirè ti kọjá, ti Àpòmù ni òní. Ẹ má dúró.”

Ọkọ̀ Dátsùn kan ló gbé wọn. Láti Ìkirè sí Àpòmù kò tó kí ènìyàn jẹ dòdò kan tán, ṣùgbọ́n Àbíkẹ́ gba àdúrà tó gùn tó ìrìn Jẹ́ríkò láàárín rẹ̀. Ìlà àwọn ìyá ti gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìlera. Ó wọ́ Olúkẹ́mi kọjá gbogbo wọn lọ bá nọ́ọ̀sì.

“Oṣù mélòó?”

“Mẹ́jọ, ọmọ mi.”

“Ẹ mú un padà wá lóṣù tó ń bọ̀.”

“Ilẹ̀ ló gbóná lẹ́bàá rẹ̀, nọ́ọ̀sì.” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu sọ ọ́. 

“Ẹ̀ẹ̀n? Ilẹ̀ ibo? Ìyá, ẹ bọ́ síwájú, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín kékeré. Ní ìta, lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, lábẹ́ agboòrùn kan, obìnrin kan ń dín dòdò. Àbíkẹ́ mọ òórùn ata náà kó tó mọ ojú. Títí ni. Títí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò nínú epo.

“Ẹ pe orúkọ rẹ̀, Ìyá Olúkẹ́mi,” ó wí. “Ìgbà tẹ́ ẹ fi ń kọrin fún mi, orúkọ rẹ̀ kò wúwo lẹ́nu yín báyìí. Wọ́n ń fún ọmọ oṣù mẹ́jọ bí èèyi bá ti wà nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ kó dún.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àbíkẹ́ wo Títí, ó wo ìlà àwọn ìyá, ó wo ọmọ tó ń fi ìka fa ìyẹtí ìyá rẹ̀.

“Èèyi ni,” ó wí. “Èèyi wà ní ìsọ̀ wa ní Ìkirè. Ó ti sún mọ́ ọmọ yìí láti ìjẹta. Ẹ fún un lábẹ́rẹ́.”

Ìlà náà ya bí omi. Àwọn ìyá fi ìborùn bo ọmọ wọn lójú, wọ́n fà sẹ́yìn títí dé ara ògiri, àyè sì ṣí sílẹ̀ yí i ká. Ẹnì kan ní, “Àgbàlagbà yìí kò tijú.” Ẹlòmíràn ní, “Ìyá Eléèyi,” ó sì pòṣé. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nọ́ọ̀sì kò pòṣé ní tirẹ̀. Ó béèrè ibi tí ọmọ aláìsàn náà wà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Bí wọ́n ti ń jáde, Àbíkẹ́ dúró níwájú agboòrùn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ máa lọ, Màmá,” Títí wí. “Ẹ ń lé oníbàárà mi sẹ́yìn.”

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni Àbíkẹ́ fi ń tú aṣọ Olúgbémi láràárọ̀, tó ń wo àyà rẹ̀, tó ń wo ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ara ọmọ gbóná fún ọjọ́ kan péré, ó sì tutù. Nǹkan kan kò sú sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó kí oríkì Àjàní dé òpin, ó sì fi èékánná ha àmì èédú kúrò lára ògiri.

Moses náà yè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ òsì kò ríran mọ́. Akínṣọlá gun àga ìwàásù, ó jẹ́rìí pé láìlo egbòogi kankan ni Olúwa fi wo ọmọ òun sàn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún Àbíkẹ́, ó ní ojú kan tó kù fún ọmọ náà yóò tó láti fi wo bàbá rẹ̀ bó ti rí. Ìyẹn nìkan ni ẹnu rẹ̀ àtijọ́ sọ lọ́sẹ̀ náà.

Ó lọ bá Salome pé kí àwọn pààrọ̀ ìsọ̀, kí òun wá jókòó síbi tí wolé-wolé ń kọ́kọ́ dé. Salome ní kó jókòó síbi tó wà. “Ẹni tó máa lù ú kò ṣòro, Màmá. Ẹni tó máa gbọ́ ọ ni kò sí.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún tuntun, Olúkẹ́mi ń jẹun, Àbíkẹ́ sì pọn ọmọ. Agbada dún ní ìsọ̀ àkọ́kọ́. Kán, kán, kán. Kò yíjú wo ohun tó dé. Ó fò kọjá iná, ó ta ọpọ́n dòdò dànù, ìró rẹ̀ ń tú lọ, bàtà kan ṣẹ́kù sórí títì, ó sì dé òdìkejì kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ó yí padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wolé-wolé kò sí níbẹ̀. Salome ló ń fi síbí gbá dòdò tó jó mọ́ ìdí agbada rẹ̀ kúrò.

Àwọn obìnrin di ìhà mú. Awakọ̀ kan béèrè bóyá ejò ni Ìyá rí.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín,” Àbíkẹ́ wí láti òdìkejì títì, ó ń fún ọ̀já ọmọ mọ́ra. “Ẹ bá mi mú bàtà mi wá.”